Orí Kẹsàn-án: Ohun Tó Ń Jẹ Ọkọ̀ Alumíníọ́mù

Lọ́dún 1895, oníṣẹ́ ọkọ̀ ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Nathanael Herreshoff kan ọkọ̀ ìgbòkun kan tí wọ́n sọ ní Defender, kí wọ́n lè fi du ife-ẹ̀yẹ America's Cup. Ohun tó ń wá ni kí ọkọ̀ náà fúyẹ́. Irin ló fi ṣe egungun rẹ̀, idẹ ló fi bo apá tó máa wà nínú omi, alumíníọ́mù ló sì fi ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lókè. Nígbà yẹn, kò tíì pé ọdún mẹ́wàá tí àwọn onímọ̀ rí ọ̀nà tí wọ́n lè gbà máa ṣe alumíníọ́mù lówó tí kò gani lára. Defender sáré, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ. Àmọ́ láti ìgbà tó ti bọ́ sínú omi òkun ni alumíníọ́mù ara rẹ̀ ti ń jẹrà, nígbà tó sì máa fi di 1901, wọ́n ti tú u palẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá gbọ́ ìtàn yìí ló máa ń dá omi lẹ́bi, wọ́n á ní alumíníọ́mù kì í ṣe ohun tí à ń gbé sójú omi. Omi nìkan kọ́ ló ṣe é. Idẹ àti irin tí wọ́n kàn mọ́ ọn nínú omi iyọ̀ ló jẹ ẹ́ tán. Mo fẹ́ kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn kí a tó sọ̀rọ̀ dé orí ọkọ̀ kékeré, nítorí iṣẹ́ ẹni tó ní ọkọ̀ alumíníọ́mù kò ju pé kó mọ ohun tó fara kan ọkọ̀ rẹ̀, kó sì mú un kúrò níbẹ̀ kó tó pẹ́ jù.

Ọkọ̀ tí orí yìí dá lé ni ọkọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń rìn lórí kánáàlì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn àwọn odò tí wọ́n fọwọ́ gbẹ́ láyé ìgbà tí kò tíì sí ọkọ̀ ojú irin. James Brindley ló ṣe ẹlẹ́rọ kánáàlì Bridgewater, tí wọ́n ṣí ní 1761 láti máa fi kó èédú lọ sí Manchester. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kánáàlì gba gbogbo ilẹ̀ náà kan. Níbi tí odò bá ti ń gun òkè, wọ́n á kọ́ lọ́ọ̀kì síbẹ̀: yàrá olókùúta tó ní ilẹ̀kùn níwájú àti lẹ́yìn, tí omi ń kún tó sì ń fà, kí ọkọ̀ lè gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀. Nítorí kí omi má baà ṣòfò, kí owó má sì pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ lọ́ọ̀kì náà kò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 7 lọ. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó ń gba ibẹ̀ kọjá títí dòní kì í fi í fẹ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 6 àti ínǹsì 10 lọ, bó tilẹ̀ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 70. Láti 2012, àjọ Canal & River Trust ló ń bójú tó nǹkan bíi 2,000 máìlì odò ní England àti Wales. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń gbé ní Hackney tàbí Tottenham ní London mọ àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí dáadáa. Wọ́n ń gba etí odò Lee kọjá, wọ́n ń rí wọn tí wọ́n tò gbọọrọ, tí èéfín ń yọ lórí wọn nígbà òtútù. Irin ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Díẹ̀ ni ti alumíníọ́mù, wọ́n sì sábà máa ń kúrú ju ti onírin lọ.

Ẹni tó ní ọkọ̀ onírin mọ iṣẹ́ rẹ̀. Láàárín ọdún méjì sí mẹ́ta, á gbé ọkọ̀ kúrò lómi, á fọ ewédò àti ìgbá tó lẹ̀ mọ́ ọn, á wá kùn ún ní ọ̀dà dúdú tó jọ ti títì ọlọ́dà. Bí ọkọ̀ bá dàgbà, olùyẹ̀wò á wá wọn bí irin abẹ́ rẹ̀ ṣe nípọn tó, nítorí bí ó bá ti fẹ́lẹ́ ju mílímítà 4 lọ, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìbánigbófò kì í fẹ́ gbà á. Gbogbo wàhálà yìí ni alumíníọ́mù mú kúrò, ìyẹn ló sì ń fa àwọn tó ń rà á mọ́ra. Ibi tí mo ti ń bá wọn ṣe àríyànjiyàn ni ìgbà tí wọ́n bá sọ pé ọkọ̀ tí kò nílò ìtọ́jú làwọn rà.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí kì í fi í dípẹtà ná. Ẹni tó bá dúró lórí òkè ní Ìbàdàn tó wo àwọn òrùlé àtijọ́ nísàlẹ̀, á rí i pé wọ́n pọ́n. Páànù ìgbà yẹn jẹ́ irin tí wọ́n fi síǹkì pa lára. Síǹkì ni òjò ń jẹ dípò irin. Ọjọ́ tí síǹkì bá tán ni páànù bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Páànù alumíníọ́mù tí wọ́n ń lò lóde òní kì í pọ́n ní tirẹ̀. Kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ kì í bá a jà o. Kódà, ìjà náà yá ju ti irin lọ: bí a bá ha alumíníọ́mù lára, kíá ni afẹ́fẹ́ á ti bo ojú ọgbẹ́ náà ní awọ tuntun. Awọ yìí fẹ́lẹ́ débi pé bí a bá to ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá rẹ̀ léra, kò ní nípọn tó fọ́nrán irun orí kan. Síbẹ̀ ó le, ó sì dì gbagidi mọ́ ara alumíníọ́mù tó wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣí gbẹ̀ẹ̀rẹ̀gbẹ̀ẹ̀rẹ̀ bíi ti ìpẹtà. Níwọ̀n ìgbà tí awọ náà bá wà, tí afẹ́fẹ́ inú omi sì ń rí i tún ṣe, abẹ́ ọkọ̀ lè wà nínú omi kánáàlì fún ọ̀pọ̀ ọdún láìkun nǹkan kan sí i. Alumíníọ́mù tí wọ́n sì ń lò fún ọkọ̀, pàápàá èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ ń jẹ́ 5083, ní mágnísíọ́mù nínú, tó mú kó lágbára, tó sì jẹ́ kó túbọ̀ lè fara da omi.

Ohun tó wá ń jẹ ẹ́ ńkọ́? Ẹni tó bá ti fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ sílẹ̀ pẹ́ nínú rédíò mọ̀ ọ́n. Á ṣí i lọ́jọ́ kan, á rí i pé ara bátìrì ti lu, omi rẹ̀ ti ṣàn, ó ti ba rédíò jẹ́. Síǹkì ni wọ́n fi ṣe agolo bátìrì yẹn. Bí rédíò ṣe ń sọ̀rọ̀ ni agolo náà ń tán, nítorí síǹkì tó ń yòrò ni iná tó ń gbé rédíò ṣiṣẹ́ ti ń wá. Kò ju ohun mẹ́ta lọ tí bátìrì nílò: ohun méjì tí kò dọ́gba lágbára, ohun tútù láàárín wọn, àti ọ̀nà tí iná lè gbà láti ọ̀dọ̀ ọ̀kan dé ọ̀dọ̀ èkejì. Bí ẹ bá fi bóòtù idẹ de nǹkan mọ́ ara ọkọ̀ alumíníọ́mù, tí omi sì kàn án, ẹ ti ṣe bátìrì nìyẹn, ara ọkọ̀ sì ni agolo.

Àwọn onímọ̀ ti to àwọn irin bí wọ́n ṣe ń jẹ fúnra wọn. Mágnísíọ́mù ló kọ́kọ́ ń lọ, lẹ́yìn náà síǹkì, lẹ́yìn náà alumíníọ́mù, kó tó kan irin, idẹ, bàbà, àti irin tí kì í dípẹtà tí a fi ń ṣe síbí. Èyí tó wà níwájú ló ń tán nítorí èyí tó wà lẹ́yìn. Ẹ ṣàkíyèsí ibi tí alumíníọ́mù wà: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ohun tí wọ́n ń dè mọ́ ọkọ̀ ló lè jẹ ẹ́. Bí bàbà bá sì kéré, tí ara ọkọ̀ tóbi, ìjẹrà náà á máa lọ díẹ̀díẹ̀. Omi kánáàlì kò ní iyọ̀, nítorí náà kì í gbé iná dáadáa bíi ti òkun, èyí sì dín ewu kù púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kánáàlì kì í sáré kúrò lójú kan. Ó lè wà ní èbúté kan náà fún oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ tí kò yá á sì rí àyè ṣe.

Ibi tó ti ń kọ́kọ́ hàn ni ẹ̀bá bóòtù. Ẹ kúnlẹ̀ lórí ọkọ̀, ẹ wo ìdí ọ̀pá tí wọ́n ń so okùn mọ́. Ọ̀dà ibẹ̀ á ti wú sókè bí ìgbà tí iná bá jó ara. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ tẹ̀ ẹ́, á bẹ́, ìyẹ̀fun funfun tó rí lẹ́búlẹ́bú á sì tú jáde. Ẹ gbá a kúrò. Ẹ ó rí ihò kékeré lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un, tó sì jìn ju bó ṣe fẹ̀ lọ. Gbogbo ìyókù pákó alumíníọ́mù náà á máa dán gbinrin bí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Bí alumíníọ́mù ṣe ń jẹrà nìyẹn: irin á fẹ́lẹ́ káàkiri, tiẹ̀ á lu lójú kan. Àtúnṣe rẹ̀ kò ṣòro bí a bá tètè rí i. A ó tú bóòtù náà, a ó fọ ojú ibẹ̀, a ó fi wáṣà ọ̀rá àti ọ̀pá ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ ya bóòtù sọ́tọ̀ kó má fara kan alumíníọ́mù rárá, a ó sì fi ìpara tí wọ́n ń ṣe fún un dí ihò náà kí omi má wọlé.

Ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ojú kì í tó o. Oníná á wá ṣe wáyà, á gé e, fọ́nrán bàbà á já bọ́ sábẹ́ pákó tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀. Omi díẹ̀ kì í wọ́n níbẹ̀. Kọ́bọ̀ tó bọ́ lápò, nọ́ọ̀tì idẹ tó yí lọ, gbogbo wọn á jókòó sórí alumíníọ́mù nínú omi yẹn, wọ́n á máa jẹ ẹ́ láti inú. Ẹ̀rọ agbálẹ̀ àti òòfà kò tó. Kí ẹni tó ṣiṣẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ wá ohun tó já bọ́ kó tó lọ, nítorí òòfà kì í mú bàbà. Mẹ́kúrì ló burú jù nínú gbogbo wọn, irú èyí tó máa ń wà nínú ẹ̀rọ tí a fi ń wo ara gbígbóná tẹ́lẹ̀. Ó ń yọ́ wọnú alumíníọ́mù, kì í jẹ́ kí awọ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan tún lẹ̀ mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fẹ́ kí èrò gbé e wọnú ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀dà tó ní bàbà nínú náà, tí wọ́n fi ń lé ìgbá kúrò lábẹ́ ọkọ̀ òkun, kò gbọ́dọ̀ kan alumíníọ́mù láéláé.

Iná mànàmáná ni ọ̀rọ̀ tó kàn, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ dúró sí jù. Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, ara ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni wáyà òdì. Iná á jáde láti bátìrì, á gba ara ọkọ̀ padà. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ alumíníọ́mù. Gbogbo nǹkan tó ń lo iná ni kó ní wáyà méjì tirẹ̀, kí ara ọkọ̀ má gbé iná rárá. Bí páǹpù tó ń fa omi kúrò nísàlẹ̀ ọkọ̀ bá ní wáyà tó bó, tí iná ń yọ lára rẹ̀ sínú omi, ohun tí àìdọ́gba irin máa fi ọdún púpọ̀ ṣe, á ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀.

Èyí tó ń ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ni ti iná èbúté. Bí ọkọ̀ bá dúró síbi tó ní iná fólítì 230, ọlọ́kọ̀ á ki wáyà rẹ̀ bọ̀ ọ́ kó lè fi gba agbára sínú bátìrì. Wáyà ilẹ̀ wà nínú okùn náà, ó sì pọn dandan, nítorí òun ni kì í jẹ́ kí iná gbé ènìyàn. Ṣùgbọ́n wáyà ilẹ̀ yìí kan náà so ara ọkọ̀ yín mọ́ ara gbogbo ọkọ̀ tó wà ní èbúté náà. Ogún ọkọ̀ onírin lè wà níbẹ̀, kí tiyín nìkan jẹ́ alumíníọ́mù. Omi ti wà láàárín yín, wáyà sì ti so yín pọ̀. Ọkọ̀ yín á bẹ̀rẹ̀ sí í tán kí irin àwọn aládùúgbò má baà dípẹtà. Àwọn onírin á máa yọ̀ pé ọ̀dà àwọn ń pẹ́. Ohun tó ń dí ọ̀nà yìí wà lọ́jà: ẹ̀rọ kékeré kan wà tí kì í jẹ́ kí iná tí agbára rẹ̀ kò tó nǹkan bíi fólítì kan gba wáyà ilẹ̀ kọjá, síbẹ̀ tó ń jẹ́ kí iná ńlá tó lè pani sá lọ sínú ilẹ̀. Èyí tó dára jù ú lọ ni ẹ̀rọ tó pín iná èbúté níyà pátápátá sí iná ọkọ̀, bó tilẹ̀ wúwo tó sì wọ́n. Èmi kò ní ra ọkọ̀ alumíníọ́mù kí n sì fi owó ẹ̀rọ yìí ra nǹkan mìíràn.

Bákan náà, okùn ni kí a fi so ọkọ̀ mọ́ etí odò. Ọ̀pọ̀ etí kánáàlì ni wọ́n ti fi pákó irin gún, ṣéènì tó bá so ọkọ̀ mọ́ irin yẹn ti so agolo bátìrì mọ́ ìdá kejì rẹ̀.

Àwọn ọlọ́kọ̀ onírin máa ń de mágnísíọ́mù mọ́ abẹ́ ọkọ̀ wọn, kí omi lè máa jẹ ìyẹn kó fi ara ọkọ̀ sílẹ̀. Ánóòdù ni wọ́n ń pè é. Ó bọ́gbọ́n mu fún irin nínú omi tí kò ní iyọ̀. Àmọ́ ó lè lágbára jù fún alumíníọ́mù, torí níbi tí ààbò bá ti pọ̀ lápọ̀jù, omi tó kan ara ọkọ̀ á dà bí omi eérú, á ṣí ọ̀dà, á sì jẹ alumíníọ́mù tó yẹ kó dáàbò bò. Nítorí náà kí ẹni tó mọṣẹ́ fi mítà wọ̀n ọ́n kó tó yan irú èyí tí yóò dè síbẹ̀.

Mo dárúkọ omi eérú. Àwọn ìyá wa tó ń se ọṣẹ dúdú mọ̀ bó ṣe lágbára tó. Nínú ọkọ̀ kánáàlì, ààrò onígi àti èédú ni wọ́n fi ń yá iná nígbà òtútù, wọ́n sì sábà máa ń gbé garawa eérú sórí òrùlé ọkọ̀ kó lè tutù. Bí òjò bá rọ̀ sí i tó sì kún dà sílẹ̀, omi eérú náà á jẹ awọ ara alumíníọ́mù, á fi àpá dúdú sílẹ̀ lójú ọ̀nà tó gbà ṣàn. Ọṣẹ tó ní sódà kọ́sítíìkì, tí wọ́n fi ń fọ ọ̀rá kúrò lára ààrò, ń ṣe bákan náà. Omi lásán àti ọṣẹ ìfọwọ́ ti tó fún ara ọkọ̀ yìí.

Sìmẹ́ǹtì tútù, tí àwọn kan ń dì sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kó lè wúwo, náà ní agbára yìí nínú, ìyẹn ló sì mú wa dé ọ̀rọ̀ ìwúwo. Ìwúwo alumíníọ́mù fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ti irin. Wọ́n máa ń jẹ́ kó nípọn jù irin lọ díẹ̀ kó lè lágbára tó, síbẹ̀ ọkọ̀ náà á ṣì fúyẹ́. Lórí títì, èyí dára púpọ̀, torí a lè gbé ọkọ̀ kékeré sórí tírélà kiri. Lórí omi, ọkọ̀ tó fúyẹ́ ń léfòó ga jù: afẹ́fẹ́ á máa tì í síbi tó wù ú, propẹ́là rẹ̀ kò ní rì tó, orí rẹ̀ sì lè kan afárá. A gbọ́dọ̀ di ẹrù sí i nísàlẹ̀. Àwọn kan fi omi kún ilé abẹ́ rẹ̀ tí wọ́n kàn ní ìlọ́po méjì, ó sì mọ́gbọ́n wá. Ẹni tó bá máa lo bíríkì tàbí pákó sìmẹ́ǹtì, kó tẹ́ ọ̀rá tó nípọn sábẹ́ rẹ̀, kó sì jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè gbabẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì àti igi tútù tó lẹ̀ mọ́ alumíníọ́mù kò dára rárá, torí ibi tí afẹ́fẹ́ kò dé, awọ tó ti bàjẹ́ kì í rí ara rẹ̀ tún ṣe.

Bí ó bá di pé a fẹ́ jó o pọ̀, kí wẹ́dà tó máa ṣe é jẹ́ ẹni tó mọ alumíníọ́mù dunjú. Alumíníọ́mù ń yọ́ ní nǹkan bí ìwọ̀n 660 lórí òṣùwọ̀n Celsius, awọ rẹ̀ kì í sì yọ́ títí tó fi ju 2,000 lọ. Ẹni tí kò bá ha awọ náà kúrò á rí i pé alumíníọ́mù ti di omi lábẹ́ rẹ̀ tí kò sì papọ̀. Bọ́rọ́ọ̀ṣì onírin tí wọ́n fi ń ha á gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tí a kò fi ha irin rí. Òkúta ìlọrin pẹ̀lú. Bí a bá lo èyí tó ti lọ irin, ẹ̀rún irin á wọnú alumíníọ́mù, ìpẹtà á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára ọkọ̀ tí kì í dípẹtà.

Nínú yàrá ọkọ̀, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni ẹ̀mí. Alumíníọ́mù ń gbé ooru àti òtútù kọjá ju irin lọ, nítorí náà bí wọn kò bá fi fóòmù bo inú rẹ̀, èémí àwọn tó sùn nínú rẹ̀ á di omi lára ògiri, á máa kán sórí ibùsùn. Ààrò kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, torí 5083 tó bá ń gbóná ju ìwọ̀n 65 lọ fún ìgbà pípẹ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í sán. Gáàsì kábọ̀n mọ́nọ́ksáìdì tí ààrò ń tú jáde kò lóòórùn, ó sì ń pa èèyàn lójú oorun. Láti 2019 ni àwọn tó ń ṣe àyẹ̀wò ààbò ọkọ̀ tó ń jẹ́ Boat Safety Scheme, tó máa ń wáyé lọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin, ti sọ ọ́ di dandan pé kí ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ nípa rẹ̀ wà nínú ọkọ̀ tí ènìyàn ń sùn sí. Kí ẹnikẹ́ni má fi ẹ̀rọ yìí sílẹ̀ láìní bátìrì lóru ọjọ́ kan ṣoṣo.

Nínú lọ́ọ̀kì pẹ̀lú, kí a ṣọ́ra. Bí omi bá ń fà, òkúta ìdí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn á yọ jáde. Bí ìdí ọkọ̀ bá gbé lé e, iwájú á máa sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ lè dojú dé láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àmì funfun tó wà lára ògiri ló ń sọ ibi tí ìdí ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá sẹ́yìn.

Ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù kò gbọ́dọ̀ gbà kí olùyẹ̀wò kan wọn ìnípọn abẹ́ ọkọ̀ bí ẹni ń wọn irin, kó sì lọ. Ihò tó kéré bí ojú abẹ́rẹ́ lè wà láàárín ibi méjì tó wọ̀n. Kó jẹ́ kí wọ́n ṣí pákó ilẹ̀, kí wọ́n wo abẹ́ bátìrì, ẹ̀bá páǹpù, àti ìdí gbogbo ohun tí a fi bóòtù dè. Lẹ́yìn náà kó yọ wáyà méjèèjì kúrò lórí bátìrì, kó yọ ti èbúté náà, kó wá fi orí kan mítà kan wáyà òdì, kó fi orí kejì kan ibi tó mọ́ lára ọkọ̀. Bí mítà bá fi hàn pé ọ̀nà wà láàárín wọn, wáyà kan ti fara kan ọkọ̀ níbì kan nìyẹn, kó sì jẹ́ kí olùtà wá a rí kí owó tó kúrò lápò.